Àlàyé ọ̀rọ̀: transaction, àti wàláà tó wà láàárín kóòdù àti dátábéèsì

Ọjọ́ Àlàmísì ni, oòrùn mú gan-an, mo wà nílé ní Tanke nígbà tí Àlájà pè mí. Òun ni akápò ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan níbí ní Ìlọrin, èmi ni mo kọ áàpù tí wọ́n fi ń ṣírò owó.

"Ọmọ mi, 40,000 náírà ti wọlẹ̀ nínú ẹ̀rọ rẹ o."

"Ẹ dákun mà, bóyá nẹ́tíwọ́ọ̀kì ló fà á."

"Nẹ́tíwọ́ọ̀kì kọ́. Léjà mi wà níwájú mi."

Ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyí. Obìnrin kan tó ń ta aṣọ òkè ní kí wọ́n mú ọ̀kẹ́ méjì náírà nínú owó tó fi pamọ́ sọ́dọ̀ ẹgbẹ́, kí wọ́n fi dín gbèsè tó jẹ ẹgbẹ́ kù. Iṣẹ́ méjì ni áàpù ní láti ṣe: kó yọ owó níhìn-ín, kó dín gbèsè kù lọ́hùn-ún. Ó yọ owó, kò dín gbèsè. Owó ìfipamọ́ obìnrin náà ti wálẹ̀ láti 100,000 sí 60,000, gbèsè rẹ̀ ṣì jókòó síbẹ̀ ní 150,000. Ohun tó tún dùn mí jù ni pé Àlájà ní áàpù náà sọ fún òun pé "Kò ṣeé ṣe." Ó ti yọ owó tán kó tó sọ bẹ́ẹ̀.

Kí irú èyí má baà ṣẹlẹ̀ ni wọ́n ṣe dá transaction sílẹ̀. Mo sì ti kọ ọ̀rọ̀ náà gan-an sórí kóòdù mi, @Transactional, mo gbà pé ó ti tán. Ohun tí mo wá mọ̀ lẹ́yìn ọjọ́ yẹn ni mo fẹ́ là yé yín, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ ń lo Hibernate (tó ń gbé ọ̀rọ̀ láàárín kóòdù àti dátábéèsì) pẹ̀lú Spring (tó ń ṣí transaction, tó sì ń pa á dé) fún ohun tó jẹ mọ́ owó àwọn èèyàn.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀. Àwọn kan ń túmọ̀ rẹ̀ sí ìdúnàádúrà. Mi ò fara mọ́ ọn. Ìdúnàádúrà ni kí o dúró nídìí ìsọ̀ ní ọjà Ìpàtà, kí ọlọ́jà ní ẹgbẹ̀rún márùn-ún, kí o ní ẹgbẹ̀rún mẹ́ta lo máa san. Ẹ lè nájà títí ilẹ̀ á fi ṣú, kí o sì padà sílé lọ́wọ́ òfo. Ìgbà tí ìnájà bá parí ni ohun tí àwọn onídátábéèsì ń sọ bẹ̀rẹ̀: owó kúrò lọ́wọ́ rẹ, ọjà bọ́ sí ọ lọ́wọ́. Bí o bá sanwó tí ọlọ́jà ò gbé ọjà fún ọ, owó rẹ gbọ́dọ̀ padà. Ìdì iṣẹ́ kan ni transaction: bí gbogbo rẹ̀ ò bá parí, a ó ka gbogbo rẹ̀ sí ohun tí a ò tíì bẹ̀rẹ̀. Bó bá parí, a ó fòǹtẹ̀ lù ú, ìyẹn commit. Bí ibì kan nínú rẹ̀ bá kọsẹ̀, a ó dá gbogbo rẹ̀ padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀, ìyẹn rollback.

Ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́ nílẹ̀. Jim Gray, ọmọ Amẹ́ríkà tó ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀ jù, gba ẹ̀bùn Turing, ẹ̀bùn tó lókìkí jù nínú ìmọ̀ kọ̀ǹpútà, ní 1998. Ní 1983, Theo Härder àti Andreas Reuter láti Jámánì kó ìwà mẹ́rin tí transaction gbọ́dọ̀ ní jọ sábẹ́ orúkọ kan, ACID: kó má ṣeé pín, kó má ba òfin inú dátábéèsì jẹ́, kí tèmi má da tìrẹ rú bí a bá jọ ń ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, kí ohun tí a bá sì ti fòǹtẹ̀ lù má parẹ́ bí iná tilẹ̀ lọ. PostgreSQL àti àwọn dátábéèsì ẹgbẹ́ rẹ̀ mọ gbogbo èyí ṣe dáadáa. Ibẹ̀ kọ́ ni ẹsẹ̀ mi ti yọ̀. Àárín ni.

Ohun tó wà láàárín ni Hibernate, tí Gavin King bẹ̀rẹ̀ ní 2001. Púpọ̀ nínú ohun tó kó jọ ni wọ́n gbé wọ JPA, ìlànà tí Java, èdè tí a fi ń kọ irú kóòdù yìí, gbé jáde ní 2006. Nínú Java, ọmọ ẹgbẹ́ kan jẹ́ object: ó ní orúkọ, ó ní iye owó, orí mẹ́mọ́rì ló sì ń gbé, bí sáfà bá kú, ó lọ nìyẹn. Nínú dátábéèsì, ọmọ ẹgbẹ́ kan náà jẹ́ ìlà kan nínú tábìlì, kì í sì í lọ. Iṣẹ́ Hibernate ni kó máa gbé ọ̀kan lọ sínú èkejì, kí ìwọ má baà máa fọwọ́ kọ SQL, èdè tí a fi ń bá dátábéèsì sọ̀rọ̀, lójoojúmọ́.

Ọ̀nà tó gbà ń ṣe é, ẹni tó bá kéwú ní Ìlọrin á tètè mọ̀ ọ́n. Ẹ rántí wàláà: pákó pẹlẹbẹ tí ààfáà ń fi tàdáwà kọ ẹ̀kọ́ sí, tí ọmọ kéwú á máa kà títí yóò fi mọ̀ ọ́n, tí wọ́n á wá fọ̀ kí wọ́n tó kọ òmíràn. Hibernate ní wàláà tirẹ̀. Session ni orúkọ rẹ̀. JPA ń pè é ní EntityManager. Bí o bá ní kó gbé ọmọ ẹgbẹ́ kan wá, yóò ka ìlà rẹ̀ nínú dátábéèsì, yóò kọ ọ́ sórí wàláà, yóò sì tọ́jú ẹ̀dà kejì bó ṣe rí nígbà tó kà á. Bí o bá wá yí iye owó rẹ̀ padà, orí wàláà lo ti yí i. Ohunkóhun ò tíì dé dátábéèsì.

Nígbà tí commit bá dé, Hibernate á gbé wàláà ka ẹgbẹ́ ẹ̀dà tó tọ́jú. Ibi tí wọ́n bá ti yàtọ̀ síra, òun fúnra rẹ̀ á kọ UPDATE, àṣẹ SQL tó ń yí ìlà padà. Ìdí nìyẹn tí ẹni tí kò pe save rárá fi ń rí i pé ohun tó yí padà ti wọlé. Ó máa ń ya àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lẹ́nu. Ó ya èmi náà lẹ́nu.

Láàárín wàláà àti òǹtẹ̀, ibùdó kan tún wà tí wọ́n ń pè ní flush. Nígbà flush, Hibernate á fi UPDATE ránṣẹ́ sí dátábéèsì, ṣùgbọ́n kò tíì sí òǹtẹ̀. Lórí PostgreSQL, ẹlòmíràn ò ní rí i, a sì lè dá a padà. Bí o bá béèrè nǹkan lọ́wọ́ dátábéèsì láàárín transaction, Hibernate lè kọ́kọ́ ṣe flush kí ìdáhùn má baà jẹ́ ti àná. Nítorí náà, bí o bá rí UPDATE nínú log, ibi tí áàpù ń kọ gbogbo ohun tó ń ṣe sí, ìyẹn ò túmọ̀ sí pé owó ti wọlé. Orí log yẹn ni mo ti lo wákàtí méjì lọ́jọ́ Àlàmísì tí mò ń wí yìí, tí mò ń wo ìlà kan ṣoṣo.

Àṣìṣe mi gan-an wá rèé. Gbèsè obìnrin náà wà lábẹ́ àyẹ̀wò. Ìgbìmọ̀ ẹgbẹ́ ti ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án. Kóòdù mi yọ 40,000 nínú owó ìfipamọ́ lákọ̀ọ́kọ́. Lẹ́yìn náà ló dé ọ̀dọ̀ gbèsè, ó rí i pé wọ́n ti dá a dúró, ó sì ju exception, ìyẹn igbe tí kóòdù máa ń ké bí nǹkan bá kọsẹ̀. Mo rò pé bí exception bá ti jáde nínú iṣẹ́ tó ní @Transactional lórí, rollback ló kàn. Spring ò rí i bẹ́ẹ̀. Bí a ò bá sọ nǹkan mìíràn fún un, kìkì RuntimeException àti Error ló ń mú kó ṣe rollback. Èyí tó bá jẹ́ checked exception, irú tí Java ń fi dandan lé e pé kí o kéde, ó kà á sí ìdáhùn tí ìwọ fúnra rẹ ti mọ̀ pé ó lè wáyé, á sì ṣe commit. Ọ̀dọ̀ EJB, ìlànà Java kan tó ṣáájú Spring, ni wọ́n ti jogún àṣà yìí. Exception tí mo dá sílẹ̀ fún gbèsè tó dúró, ọmọ Exception ni mo fi ṣe. Spring fòǹtẹ̀ lu ìdajì iṣẹ́, ó sì jẹ́ kí exception náà máa lọ síwájú, títí tó fi di "Kò ṣeé ṣe" lójú fóònù Àlájà.

Àtúnṣe rẹ̀ ò gùn:

@Transactional(rollbackFor = Exception.class)

Lójú tèmi, gbogbo iṣẹ́ tó bá kan owó ló yẹ kó ní i, yálà o rò pé o nílò rẹ̀ tàbí o ò rò bẹ́ẹ̀.

Ẹ tún fi ọkàn sí èyí, torí àwọn tó ti ń kọ kóòdù láti ọdún mẹ́wàá ṣì ń gbàgbé rẹ̀: dátábéèsì ni rollback ń dá padà, kì í fọ wàláà. Bí kóòdù rẹ bá ti sọ owó di 60,000 lórí object, tí transaction wá kọsẹ̀, dátábéèsì á padà sí 100,000, ṣùgbọ́n object tó wà lọ́wọ́ rẹ á ṣì máa sọ pé 60,000. Bí o bá fi object yẹn hàn ẹnikẹ́ni, irọ́ lo fi hàn án. Àwọn tó kọ Hibernate sọ ọ́ kedere: bí Session bá ti ju exception, ṣe rollback, pa Session náà tì, kí o ṣí tuntun. A kì í kọ ẹ̀kọ́ tuntun lé orí tàdáwà àná.

Èèyàn méjì lórí àkáǹtì kan náà ńkọ́? Ká ní 60,000 ló wà nínú rẹ̀. Àlájà ń gba 5,000 wọlé lórí fóònù rẹ̀, akọ̀wé ẹgbẹ́ ń yọ 20,000 lórí tirẹ̀. Àwọn méjèèjì ka 60,000. Wàláà Àlájà ní 65,000, wàláà akọ̀wé ní 40,000. Ẹni tó bá ṣe commit gbẹ̀yìn ló máa pa ti ẹni àkọ́kọ́ rẹ́, bẹ́ẹ̀ 45,000 ló yẹ kó kù. Transaction méjèèjì parí láìkọsẹ̀, owó sì sọnù. READ COMMITTED, ìwọ̀n ìyàsọ́tọ̀ láàárín transaction tí PostgreSQL ń lò bí a ò bá yan òmíràn, kò ní dí èyí lọ́wọ́. Ohun tó ń dí i lọ́wọ́ ni nọ́ńbà kékeré kan lórí ìlà kọ̀ọ̀kan, tí a fi @Version sàmì sí. Bí àwọn méjèèjì bá ka ẹ̀dà 7, UPDATE tí Hibernate máa kọ á parí báyìí: where id = 12 and version = 7. Ti ẹni àkọ́kọ́ á wọlé, ẹ̀dà á di 8. Ti ẹnì kejì ò ní rí ìlà kankan tó bá a mu, Hibernate á sì ju OptimisticLockException. Ẹnì kejì á tún iye owó kà, á tún un ṣe. Wàhálà náà ò ju ìṣẹ́jú kan lọ.

Èyí tó kù ni pé kí transaction má gùn. Nínú kóòdù mi àkọ́kọ́, mo fi SMS ránṣẹ́ sí ọmọ ẹgbẹ́ láàárín transaction, kí n tó fòǹtẹ̀ lù ú. Ohun méjì ló burú níbẹ̀. Bí rollback bá wáyé, SMS ti lọ, kò sí rollback fún ohun tó ti dé ojú fóònù èèyàn. Ìkejì ni pé bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá ń fà, transaction á máa dúró dè é, ọ̀nà tó di mú dé dátábéèsì ò sì ní bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. HikariCP tí Spring Boot ń lò láti tọ́jú àwọn ọ̀nà yẹn kì í ṣí ju ọ̀nà 10 lọ bí a ò bá yí i padà. Bí SMS mẹ́wàá bá ń dúró, ẹni kọkànlá á dúró fún ìṣẹ́jú àáyá 30, lẹ́yìn náà áàpù á sọ fún un pé kò sí àyè. Kọ ọ̀rọ̀ SMS sínú tábìlì kan nínú transaction kan náà, kí iṣẹ́ mìíràn wá kó wọn lọ lẹ́yìn commit.

Bákan náà, @Transactional kì í ṣiṣẹ́ bí method kan (iṣẹ́ kan nínú kóòdù) bá pe ẹgbẹ́ rẹ̀ nínú class kan náà (ilé tó kó àwọn method jọ). Ẹnu ọ̀nà ni Spring fi ẹ̀ṣọ́ sí. Ẹni tó ti wà nínú ilé ò gba ẹnu ọ̀nà kọjá.

Kí n tó gbé kóòdù tuntun sórí sáfà, mo kọ ìdánwò kan tó mọ̀ọ́mọ̀ kọsẹ̀ láàárín ìgbésẹ̀ méjèèjì. Mi ò fi @Transactional sórí ìdánwò náà, torí Spring á ṣe rollback fún un lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, Session kan náà ni ìdánwò àti kóòdù á sì jọ máa kà, àṣìṣe á fara pamọ́. Mo ṣí psql, irinṣẹ́ tí a fi ń wo inú PostgreSQL, lọ́tọ̀, mo ka ìlà méjèèjì níbẹ̀: 100,000 àti 150,000. Lẹ́yìn náà ni mo pe Àlájà. A ò fọwọ́ kan àkọsílẹ̀ ọjọ́ Àlàmísì. Àkọsílẹ̀ tuntun la ṣe, tó dá 40,000 padà sínú owó ìfipamọ́ obìnrin náà, tó sì sọ ìdí rẹ̀, Àlájà sì kọ ọ́ sínú léjà rẹ̀ kó tó gbé fóònù sílẹ̀.