Wáyà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ àbùùbùtán lára: ìbéèrè yín àti ìdáhùn

Látàárọ̀ ni wọ́n ti ń fi vóìs nóòtì kan ránṣẹ́ sí mi l'Óṣogbo níbí, pé àwọn òyìnbó ki wáyà bọ ọpọlọ ẹja ńlá kan kí wọ́n lè mọ ohun tó ń gbọ́. Ọ̀rọ̀ ò rí bẹ́ẹ̀ o, ẹ jẹ́ ká tú u wò.

Ṣé òótọ́ ni?
Wọ́n yẹ etí ẹ̀ wò lóòótọ́, àmọ́ wọn ò ki nǹkankan bọ ọpọlọ ẹ̀. Kì í sì í ṣe ẹja, àbùùbùtán ni, irú tí wọ́n ń pè ní minke, ó ń fọ́mọ lọ́yàn bíi ewúrẹ́. Lọ́dún 2023 ni wọ́n yẹ méjì wò ní Lofoten, lórílẹ̀-èdè Nọ́wè, èsì ẹ̀ wá jáde nínú ìwé ìròyìn Science ní November 2024.

Kí ló dé tí wọn ò ti ṣe é tipẹ́?
Ta ló fẹ́ sìn ín sílé? Dọ́fíìnì, ìbátan ẹ̀ tó kéré sí i nínú òkun, wọ́n lè kọ́ ọ pé tó bá ti gbọ́ ìró kó fẹnu kan nǹkan. Tibí yìí, àfi kí wọ́n dúró dè é lójú ọ̀nà tó ń gbà ṣí kọjá, kí wọ́n fi àwọ̀n darí ẹ̀.

Báwo ni ẹranko ṣe máa sọ pé òun gbọ́?
Ibí yìí gan-an ló wù mí jù. Tí etí bá ti gbọ́ ìró, ọpọlọ á ta iná bíńtín kan, àmọ́ àwọn iná mìíràn tó ń ṣiṣẹ́ lára á bò ó mọ́lẹ̀. Wọ́n wá lẹ wáyà mọ́ awọ ara ẹ̀, wọ́n ń ta ìró kan náà sí i lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀kejì, títí lọ, kọ̀ǹpútà ń kó o jọ. Ká ní ẹ dúró ní Ọjà-Ọba, ẹnì kan ń pe orúkọ yín lókèèrè, ariwo ọjà á gbé e mì, àmọ́ ariwo ọjà ò dún bákan náà lẹ́ẹ̀mejì, orúkọ yín ò sì yí padà, tó bá pè é nígbà ẹgbẹ̀rún tẹ́ ẹ wá to gbogbo ẹ̀ léra, ariwo á pa ara ẹ̀ rẹ́, orúkọ á yọ. Bí wọ́n ṣe ń rí i nìyẹn.

Kí ni wọ́n wá rí?
Ó ń gbọ́ ìró tó ga tó 90,000 hẹ́ẹ̀tì (iye ìgbà tí ìró ń gbọ̀n ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, ìyẹn bó ṣe tínrín tó, kì í ṣe bó ṣe ń pariwo tó), tiwa èèyàn ò kọjá 20,000. Ohùn tiẹ̀ gan-an ò ga tó bẹ́ẹ̀ rárá. Wọ́n rò pé ó ṣeé ṣe kó jẹ́ torí orca, ẹranko ńlá inú òkun tó ń pa á jẹ, ni, torí ìró tó ga ni orca fi ń ṣọdẹ.

Ṣé wọ́n pa á?
Rárá o, wọ́n tú u sílẹ̀.

Kí ló wá yẹ kó bà wá lẹ́rù?
Ariwo ẹ̀rọ sónà tí ọkọ̀ ojú omi fi ń wá nǹkan lábẹ́ òkun. Àwọn ìró sónà kan tí wọ́n ti rò pé ó ga ju ohun tí etí àbùùbùtán yìí lè gbọ́ lọ, ó ń gbọ́ ọ. Ó yẹ kí wọ́n tún òfin ẹ̀ wò.

Òkun ò sí l'Óṣogbo, kí ló kàn wá?
Irú àyẹ̀wò yìí náà ni wọ́n ń ṣe fọ́mọ tuntun, ọmọ á máa sùn, wọ́n á lẹ wáyà mọ́ ọn níwájú orí àti lẹ́yìn etí, kì í dùn ún. Ẹ̀yin ìyá, mo bẹ yín, tí ilẹ̀kùn bá gbá gbàgà tọ́mọ ò ta gìrì, ẹ má sọ pé ọmọkùnrin ló máa ń pẹ́ sọ̀rọ̀. Ẹ béèrè àyẹ̀wò etí ní ọsibítù. Kọ́mọ tó pé oṣù kan ló dáa jù, tó bá sì ti kọjá oṣù kan, ẹ gbé e lọ lọ́la.