Livestock Indemnity Program: owó gbà-má-bínú ẹran ọ̀sìn ní Amẹ́ríkà

Livestock Indemnity Program, tí ìnagijẹ rẹ̀ ń jẹ́ LIP, ni ètò tí ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà fi ń san owó gbà-má-bínú fún ọlọ́sìn tí ìjì, àgbàrá, ooru tàbí òtútù àrà ọ̀tọ̀ bá pa ẹran rẹ̀. Inú òfin ètò ọ̀gbìn ọdún 2008 ló ti wá. Farm Service Agency, ẹ̀ka kan lábẹ́ iléeṣẹ́ ètò ọ̀gbìn, ló ń bójú tó o.

Iye tí ọlọ́sìn ra ẹran rẹ̀ kọ́ ni wọ́n ń wò. Ìjọba ló ń gbé iye jáde fún irú ẹran kọ̀ọ̀kan àti bó ṣe tóbi tó, ìyẹn ìdá 75 nínú ọgọ́rùn-ún iye tó ń lọ lọ́jà. Kì í sì í ṣe gbogbo òkú ẹran ni wọ́n ń kà. Ẹni tó bá ń sin nǹkan mọ̀ pé díẹ̀ á kú lọ́dún láìsí ìjì kankan. Èyí tó bá lé lórí ìyẹn nìkan lowó wà fún.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ìwọ̀ oòrùn South Dakota ní oṣù kẹwàá ọdún 2013 ló fi hàn jù lọ bí ọ̀rọ̀ yìí ṣe rí lára ọlọ́sìn. Láti ọjọ́ 3 sí ọjọ́ 5, òjò kọ́kọ́ rin àwọn màlúù gbindin, lẹ́yìn náà ni yìnyín dé pẹ̀lú afẹ́fẹ́ líle. Pápá ìgbà ooru ni wọ́n ṣì wà, irun tí wọ́n fi ń borí òtútù kò tíì hù. Wọ́n bá afẹ́fẹ́ lọ títí wọ́n fi kó sínú odò àti kòtò. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ló kú, àwọn mìíràn ní ọ̀pọ̀ máìlì sí oko olówó wọn. Àmì irin gbígbóná tó wà lára awọ àti nọ́ńbà etí ni wọ́n fi mọ ẹni tó ni wọ́n.

Ọ́fíìsì tí wọn ìbá sáré lọ wà ní títì. Láti ọjọ́ 1 oṣù náà ni iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ti dúró, nítorí ilé aṣòfin kò fẹnu kò lórí ìnáwó. Ọjọ́ 17 ló tó padà. Ká tiẹ̀ ní ilẹ̀kùn ṣí, kò sówó nílẹ̀: àṣẹ tí LIP fi ń náwó ti dópin láti ọjọ́ 30 oṣù kẹsàn-án ọdún 2011. Ohun tó kù lọ́wọ́ ọlọ́sìn ni ẹ̀rí. Wọ́n ya fọ́tò òkú ẹran kí wọ́n tó sin ín, wọ́n pe dókítà ẹran, wọ́n wá ẹni tí ọ̀rọ̀ náà kò kàn láti jẹ́rìí.

Ọjọ́ 7 oṣù kejì ọdún 2014 ni Ààrẹ Barack Obama buwọ́ lu òfin ètò ọ̀gbìn tuntun. Òfin náà mú gbèdéke kúrò lórí LIP, ó sì kan àdánù tó ti wáyé láti ọjọ́ 1 oṣù kẹwàá ọdún 2011. Ọjọ́ 15 oṣù kẹrin ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gba ìwé ìbéèrè. Ó lé ní oṣù mẹ́fà táwọn ará South Dakota ti ń retí, gbèsè báńkì kò sì dúró dè wọ́n.

Ìgbìmọ̀ káúńtì (àgbègbè tó dà bí ìjọba ìbílẹ̀), tí àwọn àgbẹ̀ fúnra wọn ń dìbò yàn, ló ń wò ó bóyá owó tọ́ sí ẹnì kan. Agbára ńlá nìyẹn, a kò sì gbọ́dọ̀ fojú kéré rẹ̀. Ní ọdún 1997, Timothy Pigford àti àwọn àgbẹ̀ aláwọ̀ dúdú mìíràn pe iléeṣẹ́ ètò ọ̀gbìn lẹ́jọ́ pé wọ́n ń fi ojúsàájú rẹ́ àwọn jẹ nínú ẹ̀yáwó àti owó ìrànwọ́. Ọdún 1999 ni ilé ẹjọ́ fọwọ́ sí àdéhùn tí wọ́n fi parí ẹjọ́ náà.

Òfin ọdún 2014 tún ka ẹran tí ìkookò tí ìjọba dá padà sínú igbó bá pa mọ́ ọn. Òfin tí wọ́n buwọ́ lù ní ọjọ́ 4 oṣù keje ọdún 2025 sọ owó irú ẹran bẹ́ẹ̀ di odindi iye ọjà, ó fi ti ojú ọjọ́ sílẹ̀ ní ìdá 75, ó sì fi oyún inú ẹran tó kú kún ohun tí wọ́n ń sanwó fún.