Ṣé Ẹni Tó Ń Lo Oògùn Schizophrenia Lè Wakọ̀?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ń ná Àkúrẹ́ sí Oǹdó. Lọ́dún tó kọjá, ó ń gbọ́ ohùn táwa ò gbọ́, ó ní wọ́n ń ṣọ́ òun. Dókítà ní schizophrenia, irú àìsàn ọpọlọ kan, ni, wọ́n fún un ní oògùn olanzapine. Ara rẹ̀ ti balẹ̀, ó fẹ́ padà sí gáréèjì. Màmá wa ní kò gbọ́dọ̀ wakọ̀ mọ́ láyé. Ta ló tọ̀nà?

Ìdáhùn: Orúkọ àìsàn nìkan kọ́ là ń wò, bí ara ẹni náà ṣe wà ni. Bí àìsàn bá dìde, kó má wakọ̀ rárá. Ẹni tó gbà pé ọkọ̀ ẹ̀yìn ń lépa òun, báwo ló ṣe máa rí ọ̀kadà tó já wọ títì? Ní Ìlú Ọba, ẹni tó ń wa ọkọ̀ ara rẹ̀ gbọ́dọ̀ ti gbádùn fún oṣù 3 ó kéré tán, kó sì máa lo oògùn déédéé. Awakọ̀ bọ́ọ̀sì àti tírélà, oṣù 12. Nítorí èrò tí ẹ̀gbọ́n yín ń gbé, oṣù 12 yẹn ni mo fara mọ́.

Ìbéèrè: Oògùn náà ńkọ́? Ó ń mú un sùn.

Ìdáhùn: Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ wà. Olanzapine àti chlorpromazine, oògùn míì fún àìsàn yìí, máa ń mú oorun wá, pàápàá láwọn ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ àti nígbà tí dókítà bá fi kún un. Òòyì sì lè kọ́ èèyàn tó bá dìde lójijì. Ní ti haloperidol àti abẹ́rẹ́ fluphenazine, táwọn náà wà fún àìsàn yìí, oorun wọn kò tó bẹ́ẹ̀, àmọ́ ara lè le gbagidi, ọwọ́ lè máa gbọ̀n, ẹsẹ̀ ò sì ní tètè dé orí bíréèkì. Artane tí wọ́n fi ń tú ara líle yẹn náà lè sọ ojú di bàìbàì. Ẹ ṣọ́ ọ láàárọ̀. Ṣé apá rẹ̀ ń jù tó bá ń rìn, àbí ó ń wọ́ ẹsẹ̀? Ṣé ife tíì ń gbọ̀n lọ́wọ́ rẹ̀? Tẹ́ ẹ bá pè é, ṣé ó ń pẹ́ kó tó dáhùn?

Ìbéèrè: Ó ní òun á máa fo oògùn lọ́jọ́ tóun bá fẹ́ wakọ̀.

Ìdáhùn: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbà fún un! Fífo oògùn ló ń dá àìsàn yìí padà, ó sì lè jẹ́ orí ìrìn ló máa bá a. Kó sọ tinú rẹ̀ fún dókítà. Wọ́n lè ní kó máa lò ó lálẹ́, wọ́n lè dín in kù, tàbí kí wọ́n fi aripiprazole, tí oorun rẹ̀ kò tó ti olanzapine, rọ́pò rẹ̀.

Ìbéèrè: Paraga gáréèjì ńkọ́?

Ìdáhùn: Rárá o. Tramadol náà rèé, àti Piriton tá à ń lò fún kátá. Ṣe ni wọ́n ń fi oorun kún oorun.

Ìbéèrè: Báwo ló ṣe máa bẹ̀rẹ̀?

Ìdáhùn: Kí dókítà rẹ̀ kọ́kọ́ fọwọ́ sí i. Lẹ́yìn náà, kó wakọ̀ láìgbé èrò ní àdúgbò Ìjàpọ̀ tàbí Alágbàká l'Ákùúrẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ Sunday, kí ẹlòmíì tó mọ ọkọ̀ wà jókòó tì í. Ẹ fi Ọjà Ọba àti ìrìn alẹ́ sí ìkẹyìn.