Kámẹ́rà kékeré, owó ńlá: kí ló wà nínú Fujifilm X100VI gan-an?

Látìgbà tí Fujifilm ti gbé X100VI jáde ní February 2024 lọ̀rọ̀ yìí ti ń rú àwọn èèyàn lójú. Kámẹ́rà tí ò ṣe é yọ lẹ́ńsì ẹ̀, tí ò ní súùmù, tọ́wọ́ kan lè gbá mú, owó ẹ̀ wá ju ti ọ̀pọ̀ kámẹ́rà ńlá lọ, àwọn èèyàn ṣì ń tò lé e lórí. Kí ni wọ́n rí níbẹ̀?

Ìbéèrè: Fóònù mi ní mẹ́gápíksẹ̀lì 200, èyí ní 40 péré. Ṣé kì í ṣe pé fóònù mi ló dáa jù?

Rárá o. Mẹ́gápíksẹ̀lì kàn ń sọ iye ojú tóótòòtó tí wọ́n pín fọ́tò sí ni, kò sọ iye ìmọ́lẹ̀ tó wọlé. Ibi tí ọ̀rọ̀ wà ni sẹ́ńsọ̀, ìyẹn nǹkan pẹlẹbẹ tó wà lẹ́yìn lẹ́ńsì tó ń gba ìmọ́lẹ̀. Ti X100VI jẹ́ APS-C (orúkọ ìwọ̀n sẹ́ńsọ̀ kan nìyẹn), ó tó mìlímítà 23.5 ní ìbú àti 15.6 lóòró, ti Sony RX100 tóun náà jẹ́ kámẹ́rà kékeré olówó ńlá jẹ́ 13.2 sí 8.8, ẹ ṣírò ẹ̀, ẹ máa rí i pé ìlọ́po mẹ́ta lé díẹ̀ ni APS-C fi jù ú lọ, ti ọ̀pọ̀ fóònù ṣì tún wá kéré sí ti RX100 yẹn. Tójò bá ń rọ̀ tẹ́ ẹ gbé báàfù àti ife síta lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ mọ èyí tó máa gbomi jù.

Mẹ́gápíksẹ̀lì 200 yẹn náà, ọ̀pọ̀ ìgbà ni fóònù máa ń da ojú 16 pọ̀ di ẹyọ kan, fọ́tò tó máa fún yín á wá jẹ́ bíi 12. Ṣùgbọ́n ká sòótọ́, fóònù gbọ́n: ó máa ń ya fọ́tò mélòó kan léraléra, á pa wọ́n pọ̀, á tún un ṣe. Lọ́sàn-án gangan, tó bá jẹ́ ojú fóònù náà lẹ máa ti wò ó, ẹ lè má mọ ìyàtọ̀. Alẹ́ ló máa ń tú àṣírí, àti irun orí èèyàn, níbi tí fóònù ti máa ń ṣe bíi pé òun fi bírọ́ọ̀ṣì kùn ún.

Ìbéèrè: Kí ló dé tí wọn ò fi súùmù sí i?

Torí pé súùmù tó máa bo sẹ́ńsọ̀ tó fẹ̀ tó báyìí, tá á sì ṣí dé f/2 (ìyẹn kí ihò lẹ́ńsì ṣí gbayawu), á ti tóbi jù, kámẹ́rà ọ̀hún ò ní í jẹ́ kékeré mọ́. Lẹ́ńsì kan ṣoṣo ni wọ́n ṣe fún un, mìlímítà 23, ohun tó sì ń rí tó ohun tí lẹ́ńsì 35 máa rí lórí kámẹ́rà onífíìmù àtijọ́: èèyàn kan àti ibi tó jókòó sí, kì í ṣe ojú nìkan.

Ẹ lè fi bọ́tìnnì sún un dé 50 tàbí 70 o, àmọ́ gígé ló ń gé e. Tẹ́ ẹ bá gé e dé 70, ìdajì ìbú àti ìdajì òòró ló kù, mẹ́gápíksẹ̀lì 40 á di bíi 10. Ó ṣì tó fọ́tò tẹ́ ẹ máa tẹ̀ jáde. Ẹni tó bá fẹ́ ya bọ́ọ̀lù látorí ìjókòó òun wòran, kó má ra èyí jàre, RX100 VII ń lọ láti 24 dé 200, ó dẹ̀ kéré jù ú lọ.

Ìbéèrè: Wọ́n ní ó ń gba ọwọ́ tó ń gbọ̀n. Báwo?

Sẹ́ńsọ̀ ẹ̀ ò dúró gbagidi, ọwọ́ yín bá yẹ̀ sápá òsì, á sún sọ́tùn-ún. X100VI ló kọ́kọ́ ní i nínú gbogbo ìdílé X100, tó bẹ̀rẹ̀ láti 2011. Fujifilm ní ó tó sítọ́ọ̀pù 6 (sítọ́ọ̀pù kọ̀ọ̀kan ń sọ àkókò di ìlọ́po méjì). Ìtumọ̀ ẹ̀ ni pé fọ́tò tó yẹ kẹ́ ẹ fi ìdá 60 ìṣẹ́jú àáyá yà, ẹ lè fẹ́rẹ̀ẹ́ lo odindi ìṣẹ́jú àáyá kan. Níbi àyẹ̀wò nìyẹn ṣá, lọ́wọ́ èèyàn tó ń mí, ẹ má gbára lé e tó bẹ́ẹ̀.

Ibi táwọn èèyàn ti ń ṣì í gbọ́ rèé: ọwọ́ yín ló ń gbà, kì í gba ọmọ tó ń sáré. Ògiri á mọ́ kedere, ọmọ á di èéfín.

Ìbéèrè: ND wo ni wọ́n tún ń sọ?

Ìyẹn ni mo fẹ́ràn jù, kò dẹ̀ sẹ́ni tó ń sọ ọ́. Gíláàsì dúdú kan wà nínú lẹ́ńsì, tẹ́ ẹ bá pè é á bọ́ sójú ọ̀nà, ìdá kan nínú 16 ìmọ́lẹ̀ ló máa jẹ́ kó wọlé. Ẹ ní ẹ fẹ́ ya ẹnì kan nínú oòrùn ọ̀sán, ẹ fẹ́ kẹ́yìn ẹ̀ ṣe bàìbàì, ẹ wá yí òrùka lẹ́ńsì dé f/2, ìmọ́lẹ̀ á pọ̀ jù, fọ́tò á funfun báláú. Ṣọ́tà onírin, ìyẹn ìlẹ̀kùn tó ń ṣí tó ń pa fún ìmọ́lẹ̀, ò lè ju ìdá 4000 ìṣẹ́jú àáyá lọ. Ti ẹlẹ́tíróníìkì lè yára dé ìdá 180,000, àmọ́ òun kì í ka sẹ́ńsọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ìlà ìlà ló ń kà á, ìdí nìyẹn tí abẹ fáànù tó ń yí fi máa ń tẹ̀ kọrọkọ nínú fọ́tò. Ẹ kàn pe ND, ó parí.

Ìbéèrè: Àwọn àwọ̀ fíìmù àtijọ́ tí kámẹ́rà yìí lè fún fọ́tò ńkọ́, ṣé kì í ṣe fíltà lásán?

Ó jọ ọ́ díẹ̀, àmọ́ ilé iṣẹ́ tó ti ń ṣe fíìmù gidi látọdún 1934 ló tò ó. Ogún ni wọ́n wà lórí ẹ̀, Velvia, Acros, Classic Chrome, èyí tó dé tuntun ni Reala Ace. Orí JPEG, ìyẹn fọ́tò tí kámẹ́rà ti tò parí, ló máa ń dì mọ́, torí náà tọ́kàn yín ò bá balẹ̀, ẹ fi RAW, ìyẹn fáìlì tí wọn ò tíì tò, sí i pẹ̀lú, ẹ lè pààrọ̀ àwọ̀ tó bá yá.

Ìbéèrè: Ṣé mo lè lò ó nínú òjò?

Bẹ́ẹ̀ kọ́ bó ṣe jáde nínú páálí. Ẹ ní láti fi òrùka AR-X100 àti fíltà onígíláàsì mìlímítà 49 dí iwájú lẹ́ńsì ná, ọ̀tọ̀ lowó tiwọn. Kódà lẹ́yìn ìyẹn, ìtasẹ́ òjò lẹ lè bá a lọ, ẹ má rì í sómi.

Ìbéèrè: Ó máa wọ àpò?

Àpò jákẹ́ẹ̀tì, bẹ́ẹ̀ ni. Ti ṣòkòtò, rárá, lẹ́ńsì ẹ̀ yọ síta. Tó bá jẹ́ àpò ṣòkòtò lẹ ń lé, Ricoh GR III ni kẹ́ ẹ wò, sẹ́ńsọ̀ APS-C lòun náà ní, àmọ́ kò ní ihò téèyàn ń fojú wò, kò ní fláàṣì.