Ìpilẹ̀ṣẹ̀ Bàálù Tí Kò Ní Apá

Ooru ni ó bí bàálù aláìlápá. Ohunkóhun tí ó bá ń ti gbalasa òfurufú padà wọ inú afẹ́fẹ́ ayé máa ń gbóná débi pé apá tín-ín-rín lè yọ́ dànù. Ní nǹkan bí ọdún 1951, H. Julian Allen, ní ilé ìwádìí Ames ní California, rí i pé ohun tí imú rẹ̀ kò ṣóńṣó ni ó lè la ooru náà já, nítorí pé ó máa ń ti èyí tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀ dànù sínú afẹ́fẹ́. Ṣùgbọ́n irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ kàn ń já bọ́ ni, awakọ̀ rẹ̀ kò sì lè yan ibi tí yóò balẹ̀ sí. Ní 1957, Alfred Eggers, akẹgbẹ́ Allen, dábàá ọkọ̀ tí ó rí bí òkòtó tí a là sí méjì lóòró, tí òkè rẹ̀ tẹ́jú, tí ikùn rẹ̀ sì rí rọ̀bọ̀tọ̀, kí ara ọkọ̀ náà fúnra rẹ̀ lè máa ṣe iṣẹ́ apá.

Orí pépà ni ọ̀rọ̀ náà wà títí di 1962, nígbà tí Dale Reed, onímọ̀ ẹ̀rọ NASA, àjọ òfurufú Amẹ́ríkà, ní Edwards ní California, rọ Paul Bikle, ọ̀gá ibẹ̀, kí ó jẹ́ kí wọ́n kan ọ̀kan. Nǹkan bí 30,000 dọ́là ni wọ́n ná, owó ṣáńjì pátápátá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ohun tí Amẹ́ríkà ń ná sórí òfurufú nígbà náà. Páìpù irin ni egungun ọkọ̀ náà, tí wọ́n pè ní M2-F1, pákó ni ara rẹ̀, kò sì ní ẹ́ńjìnnì. Ní oṣù kẹrin 1963, ọkọ̀ Pontiac kan fi okùn fà á lórí adágún gbígbẹ, Milt Thompson, awakọ̀ rẹ̀, sì wà nínú rẹ̀. Bí ó ti gbéra nílẹ̀ ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í fì sọ́tùn-ún sósì, tí wọ́n fi ní láti tún ọ̀nà tí a ń gbà darí rẹ̀ ṣe. Ní ọjọ́ 16 oṣù kẹjọ, bàálù kan fà á dé òkè, ó tú u sílẹ̀, Thompson sì fi bí ìṣẹ́jú méjì rọra sọ̀ ọ́ kalẹ̀.

Àṣeyọrí pákó yìí ni ó jẹ́ kí wọ́n náwó sórí ti irin. Fífì náà kò kúkú tán: ní oṣù karùn-ún 1967, M2-F2, ọkọ̀ onírin náà, gbá ilẹ̀ kí ẹsẹ̀ rẹ̀ tó jáde tán, ojú kan Bruce Peterson, awakọ̀ rẹ̀, sì padà fọ́. Lẹbẹ kẹta tí wọ́n fi kún ìrù rẹ̀ ni ó ṣẹ́gun ìṣòro náà.

Lójú tèmi, ọjọ́ 5 oṣù kẹjọ 1975 ni iṣẹ́ náà so èso gidi, nígbà tí John Manke gbé X-24B, bàálù aláìlápá mìíràn, balẹ̀ láìlo ẹ́ńjìnnì, sórí ojú ọ̀nà bàálù oníkọnkéré gan-an. Láìlo ẹ́ńjìnnì náà ni Columbia, ọkọ̀ tí ń lọ sí gbalasa òfurufú tí ó sì ń padà, ṣe balẹ̀ sí Edwards ní 1981, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ní apá, nítorí pé àwọn ológun òfurufú fẹ́ ọkọ̀ tí ó lè yà lọ jìnnà sí ọ̀tún tàbí òsì kí ó tó balẹ̀.