Kì Í Ṣe Ojo: Ohun Tí Ogun Ń Ṣe sí Ọpọlọ Sójà

"Dókítà, ṣé orí ọkọ mi ti ń yí ni?" Àwọn ìyàwó sójà ti bi mí léèrè yìí títí. Wọ́n á ní bí ilẹ̀kùn bá pa dé gbàà, kí àwọn tó ṣẹ́jú, ó ti wà lábẹ́ tábìlì. Bí wọ́n bá jáde, kò ní jókòó àfi kó kẹ̀yìn sí ògiri, kó dojú kọ ẹnu ọ̀nà.

Rárá o, orí rẹ̀ kò yí. Ó ṣì ń ṣọ́nà ni. Lójú ogun, ẹni tí kò bá tètè dọ̀bálẹ̀ nígbà tí ìbọn ró, òkú ni. Ara ti kọ́ ẹ̀kọ́ yẹn délẹ̀, kò tíì gbà pé ogun ti parí.

Ó pẹ́ kí àwa oníṣègùn tó lóye èyí. Lẹ́yìn ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà, Jacob Da Costa kọ̀wé ní 1871 nípa àwọn sójà tí àyà wọn ń lù kìkì. Ọkàn-àyà wọn ló di ẹ̀bi náà rù. Ní 1915, lásìkò Ogun Àgbáyé Kìíní, dókítà Charles Myers kọ̀wé nípa shell shock, ìyẹn àìsàn tó ń dààmú àwọn sójà lójú ogun, tí ọ̀pọ̀ sì gbà pé ìró àdó olóró ló mi ọpọlọ jìgì. Àmọ́ àwọn tí àdó kò bú nítòsí wọn rárá náà ń gbọ̀n, àwọn míì ò lè sọ̀rọ̀ mọ́. Ni àwọn ọ̀gá ológun bá ní ojo ni wọ́n.

Ọ̀rọ̀ yẹn pààyàn. Ilé ìwòsàn ni Harry Farr, sójà Gẹ̀ẹ́sì, ti lo oṣù márùn-ún nítorí shell shock. Ní 1916, ó ní òun ò lè padà síwájú ogun mọ́. Wọ́n ní ojo ni, àwọn sójà ẹgbẹ́ rẹ̀ ló sì yìnbọn pa á. Ọdún 2006 ni ìjọba tó dárí jì í, òun àti àwọn tó lé ní 300 mìíràn. Ní 1943, lásìkò Ogun Àgbáyé Kejì, Ọ̀gágun Patton ti Amẹ́ríkà gbá sójà méjì létí nínú ilé ìwòsàn ní Sísílì, ó pè wọ́n ní ojo. Àyẹ̀wò fi hàn pé ibà wà lára ọ̀kan!

Àwọn tó jagun Vietnam ló pariwo títí, tí PTSD, ìyẹn àìsàn ọpọlọ tí ohun ẹ̀rù tójú èèyàn ti rí ń fà, fi wọ ìwé àwọn dókítà ọpọlọ Amẹ́ríkà ní 1980. Láti ìgbà náà, ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ọkùnrin náà la kọ́kọ́ ń béèrè, kì í ṣe irú ọkàn tó ní.

Ìtọ́jú wà. Èyí tí mo gbẹ́kẹ̀ lé jù ni kí aláìsàn máa sọ ohun tó rí, díẹ̀díẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni tó mọṣẹ́, títí ara á fi gbà pé àná ni. Oògùn bíi sertraline ń ran àwọn kan lọ́wọ́. Ọtí kì í ṣe oògùn oorun, bó tilẹ̀ ń kùn wọ́n lóorun.

Nílé, ẹ má fọwọ́ kàn án jí. Ẹ dúró níbi ẹsẹ̀ ibùsùn, kẹ́ ẹ pe orúkọ rẹ̀. Ẹ má bi í pé èèyàn mélòó ló pa. Ẹnu ń yá àwọn àlejò láti béèrè ìyẹn. Bó bá sì ní ayé sú òun, ẹ gbé ìbọn kúrò nílé, kẹ́ ẹ mú un lọ sílé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an.