Dróònù tó ń gòkè ní òòró, tó ń fò bíi bàálù: kí ló ń jẹ́ kó já lulẹ̀?

Ìbéèrè: Kí ló dé tí a ò kàn lo dróònù alábẹ̀bẹ̀ mẹ́rin tí gbogbo èèyàn mọ̀?

Ìdáhùn: Bátìrì ni. Dróònù oníkílò 5 tó bá dúró sójú kan lófurufú ń jẹ nǹkan bíi wáàtì 700. Bí apá bíi ti bàálù bá ti ń gbé e, tó ń sá mítà 18 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, bíi 160 ló ń jẹ. Ẹni tó fẹ́ ya àwòrán oko kàjú ní agbègbè Kabba àti Ìjùmú, ní ìpínlẹ̀ Kogi, mọ ohun tí ìyàtọ̀ yẹn túmọ̀ sí. Àpáta àti igbó ò sì fi ibi tí bàálù kékeré yóò ti sáré gbéra sílẹ̀ fún wa.

Ìbéèrè: Báwo la ṣe ń tò ó?

Ìdáhùn: Ẹ́ńjìnnì mẹ́rin fún ìgòkè, ọ̀kan lẹ́yìn tí yóò máa tì í síwájú. Kí àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lè gbé ìlọ́po méjì ìwúwo rẹ̀, ìyẹn kílò 10. Ẹ má ṣún un kù o: nínú ooru 35°C, lórí ilẹ̀ tó ga tó 400 mítà, afẹ́fẹ́ máa ń fẹ́lẹ́ tó ìdá kan nínú mẹ́sàn-án.

Ìbéèrè: Ìgbà wo ló máa ń já jù?

Ìdáhùn: Ìgbà tó bá ń kúrò lọ́wọ́ abẹ̀bẹ̀ bọ́ sọ́wọ́ apá. Apá tó jẹ́ ìdajì mítà onígun mẹ́rin kò lè gbé kílò 5 bí eré kò bá tó mítà 12 ní ìṣẹ́jú àáyá. Bí ẹ́ńjìnnì ìgòkè bá sinmi ní 12 gẹ́lẹ́, tí atẹ́gùn wá yí díẹ̀, ó di ilẹ̀. Nínú ArduPilot, ìyẹn ètò kọ̀ǹpútà tó ń darí dróònù, ẹ fi AIRSPEED_MIN (eré tó kéré jù tí apá nìkan yóò fi máa gbé e) sí 15, kí ẹ fi Q_ASSIST_SPEED sí 13, kí ẹ́ńjìnnì ìgòkè lè tún jí bí eré bá lọ sílẹ̀ ju ìyẹn lọ.

Ọ̀pá pitot tó ń wọn eré ni ẹ ó kọ́kọ́ fura sí. Agbọ́n máa ń fi amọ̀ dí i, eruku ọyẹ́ náà ń wọ ibẹ̀. Bó bá ti dí, kọ̀ǹpútà rẹ̀ á gbà pé eré kò tíì tó, ẹ́ńjìnnì ìgòkè ò ní sinmi, bátìrì á sì tán lófurufú. Ẹ bò ó kí ẹ tó tan dróònù, kí atẹ́gùn má ba òdo tó ti ń bẹ̀rẹ̀ ìwọ̀n jẹ́. Lẹ́yìn náà ẹ ṣí i, kí ẹ fẹ́ atẹ́gùn ẹnu sí i jẹ́jẹ́ láti iwájú. Bí nọ́ńbà eré kò bá gòkè, dróònù kò gbọdọ̀ gbéra.

Ìbéèrè: Ìgbà wo ló yẹ kó padà wálé?

Ìdáhùn: Nígbà tí bátìrì bá ku ìdá kan nínú márùn-ún. Ìbalẹ̀ tún ń béèrè wáàtì 700, ìgbà tó sì ti rẹ bátìrì jù ló ń béèrè rẹ̀.